Áńbúláǹsì ogun: ẹni tó fowó sílẹ̀, kí ló rà gan-an?

Ọmọ_Ìjàyè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa American Field Service, ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi áńbúláǹsì gbé sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí A. Piatt Andrew dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1915: kí ni wọ́n ń fowó ọlọ́rẹ ṣe?

Rewire_Kútọ̀: Mọ́tò ni. Ford Model T. Ẹni 3 tó dùbúlẹ̀, tàbí 4 tó jókòó. Ó fúyẹ́ gan-an. Bó bá rì sẹ́rẹ̀, àwọn sójà á gbé e jáde.

Nọ́ọ̀sì_Lántòrò: 3 péré?

Rewire_Kútọ̀: Ó tó o, màmá. Ẹ wo ọ̀nà Verdun, ojú ogun ní Faransé, ní 1916, lóru, láìtan iná! Táńkì epo ni wàhálà. Abẹ́ àga awakọ̀ ló wà, kò sì ní pọ́ǹpù. Ṣe ni epo ń ṣàn wá sí kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Bí epo bá kù díẹ̀, tí mọ́tò wá kọjú sókè tó ga, epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì mọ́, á kú. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gùnkè.

Àgbà_Ìbarà: Irọ́ o.

Pánṣẹ́kẹ́_Boy: Òótọ́ ni, bàbá 😂 Rìfáàsì rẹ̀ tiẹ̀ lágbára ju gíà kìíní lọ. Irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú kó tó ṣiṣẹ́ ló burú. Bẹ́ ẹ ò bá kọ́kọ́ dá ọwọ́ iná pílọ́ọ̀gì (irin kékeré tó ń darí ìgbà tí pílọ́ọ̀gì ń ṣáná) padà, irin á ta, á dá yín lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì lẹ ó fi fà á sókè; àtàǹpàkò ò gbọdọ̀ dì í mú.

Ọmọ_Ìjàyè: Àwọn ọlọ́rẹ mi dà 😭

Pánṣẹ́kẹ́_Boy: Wọ́n ń kan orúkọ wọn mọ́ ara mọ́tò. Yunifásítì pàápàá dáwó jọ rà á.

Àgbà_Ìbarà: Ibẹ̀ làwọn olóṣèlú wa ti kọ́ ọ nìyẹn. Fọ́tò á tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Nọ́ọ̀sì_Lántòrò: Ti fọ́tò kọ́ ló ń dùn mí. Ta ló ń ra táyà? Ta ló ń rọ ọ́síjìn? Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ láìsí owó epo, àwọn adìyẹ ni yóò máa sùn nínú ẹ̀.

Rewire_Kútọ̀: Àwọn ológun Faransé ló ń fún wọn lépo àti oúnjẹ. Awakọ̀ ò gbowó oṣù, òun ló tún ń ra aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tó di 1917, ológun Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà.

Àgbà_Ìbarà: Áńbúláǹsì tiwa ńkọ́, tó jẹ́ òkú ló ń gbé jù?

Nọ́ọ̀sì_Lántòrò: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o, bàbá. Kí wọ́n ṣáà fọ ibùsùn ẹ̀ kó tó gbé alààyè: Jik 3.5%, ife 1 sí omi ife 6, kó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n tó nù ún.