Búláòsì ankara tí mo rán fúnra mi ń bá mi sá lọ sókè, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́ Abẹ́rẹ́

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ ta maṣíìnì yìí dànù. Télọ̀ kan ló sọ mí di aránṣọ tipátipá, mo gbé aṣọ ẹbí fún un, ó ní kí n wá ní Wẹ́sìdeè, ó ní kí n wá ní Fráídè, àárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ jáde ni mo bá aṣọ mi lórí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú apá kan ṣoṣo, ìkejì ò tíì sí níbì kankan. Mo ní ó tán. Mo ra maṣíìnì Butterfly dúdú ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ti lò, mo gba Gbági lọ mo ra ankara yáàdì 6, mo ní èmi náà á máa rán tèmi.

Kí n má purọ́, ìró ò le, bùbá náà ò le, ẹ ká aṣọ sí 4, ẹ gé ọrùn, ẹ gé abẹ́ apá, ó parí, kò sẹ́ni tó máa ní ó fẹ̀ jù torí bùbá gan-an, fífẹ̀ ni adùn ẹ̀. Ọ̀dọ̀ búláòsì ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Fídíò tí mo wò ní kí n wọn àyà, kí n pín in sí 4, kí n fi ínṣì 1 lé e. Àyà mi 42, ó di 10 àbọ̀, mo fi 1 lé e ó di 11 àbọ̀, mo gé iwájú àti ẹ̀yìn bákan náà bí wọ́n ṣe wí. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn tú bí àpò gààrí, iwájú há mọ́ mi lọ́mú, etí rẹ̀ nísàlẹ̀ tún gòkè níwájú ju ẹ̀yìn lọ. Èyí tó wá dùn mí jù, tí mo bá nawọ́ gbé nǹkan lórí pẹpẹ, gbogbo aṣọ á bá mi lọ sókè, ikùn á yọ síta. Mo ní ihò apá ló kéré, mo bá tún gé e wálẹ̀ ní ínṣì kan. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!!

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ gba pátánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pépà tí wọ́n ti ya aṣọ sí tí a kàn máa tẹ̀ lé gé. Mo gbà á, mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ewé 26 pọ̀ nílẹ̀ pálọ̀, orúnkún mi bó. Wọ́n ní àyà aṣọ yẹn máa jẹ́ 44 tó bá parí, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, 41 àti díẹ̀ ló bá mi. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Ẹ má ṣáà sọ fún mi pé kí n padà sọ́dọ̀ télọ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Àbúrò pẹ̀lẹ́, ó ti ṣe gbogbo wa. Èmi náà ti gé ihò apá wálẹ̀ rí, aṣọ léèsì ni tèmi, ìwọ ṣì ń jàyè ankara.

Wò ó, gbé apá rẹ sókè níbi tó o jókòó sí yẹn. Abíyá rẹ ló ń ṣí, àbí? Tí ihò apá aṣọ bá sún mọ́ abíyá dáadáa, apá aṣọ nìkan ló máa bá ọwọ́ lọ, ara aṣọ á jókòó síbi tó wà. Ṣùgbọ́n tí ihò yẹn bá ti jìn sísàlẹ̀, ìhà aṣọ ni apá aṣọ so mọ́ nìyẹn, kò sì lè gòkè láì fa ìhà dání. Ìdí nìyẹn tó fi burú sí i nígbà tó o gé e wálẹ̀. Gbogbo wa la máa ń rò pé tí nǹkan bá ń fa wá lápá ká la ihò ẹ̀, irọ́ ni, àfi tó bá ń gé ẹ lábíyá lóòótọ́. Fi bírò há abíyá kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sísàlẹ̀ bírò yẹn, ìdajì ínṣì sí ínṣì kan sísàlẹ̀ ìlà yẹn ló yẹ kí ihò apá dé. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún búláòsì tó bá ara mu.

Èyí tó o ti gé, gígé ò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà. Gé nínú ankara tó ṣẹ́kù, onígun mẹ́rin kékeré, ínṣì 4 sí ínṣì 4, tú abẹ́ apá àti ìhà díẹ̀, fi igun ẹ̀ sí abíyá kí o rán an mọ́ ọn. Wàá rí i pé ọwọ́ á gòkè.

Ti iwájú tó ń sá sókè, ọmú ni. Aṣọ tó bá máa gun òkè kó tó sọ̀kalẹ̀ á gba gígùn ju èyí tó lọ tààrà, ìwọ wá gé iwájú àti ẹ̀yìn lọ́gbọọgba, kí ló máa ṣe kó má sá? Bá mi wọn ibì kan: gbé téèpù yí ara rẹ ká lókè ọmú, kó gba abẹ́ abíyá méjèèjì, kó le díẹ̀. Èló ni?

Àdùkẹ́ Abẹ́rẹ́

38 mà. Háà, 42 níbí, 38 lọ́hùn-ún?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ti rí i báyìí. Ọ̀pọ̀ pátánì tí wọ́n ń tà, ẹni tí ìyàtọ̀ ibi méjèèjì yẹn jẹ́ ínṣì 2 ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi yà á. Tìẹ 4. Tó o bá mú sáìsì 42, ọmú á gbà ṣùgbọ́n èjìká á já bọ́, ọrùn á la ẹnu sílẹ̀. Sáìsì tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40 ni kó o mú, kó o wá fi ínṣì 2 tó kù sí iwájú nìkan, ìyẹn ínṣì 1 lápá ọ̀tún, 1 lápá òsì.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń ya iwájú sórí pépà buráùn, màá gbé e mọ́ra níwájú dígí, màá sàmì sí orí ọmú gan-an. Láti àmì yẹn màá fa ìlà kan lọ sísàlẹ̀ tààrà, ọ̀kan lọ sí ihò apá, ọ̀kan lọ sí ìhà. Màá fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà ìsàlẹ̀ títí dé orí ọmú, kí n yà gba ìlà ihò apá, ṣùgbọ́n mi ò ní gé e já, màá fi bíńtín sílẹ̀ kó máa mì bí ìlẹ̀kùn. Màá gé ti ìhà náà wọlé, òun náà ò ní já délẹ̀. Tí mo bá wá ya pépà yẹn ní ínṣì 1, á fẹ̀ níbi ọmú, á sì gùn sí i lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àlàfo tó ṣí ní ìhà ni màá fi dáàtì pa, ìyẹn ìṣẹ́po ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí à ń rán pa sínú aṣọ, kí ẹnu dáàtì dúró ní ínṣì kan kó tó kan orí ọmú. Tó bá gun orí ọmú gan-an á ṣu bí orí ọ̀kọ̀, mo ti wọ irú ẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Má sì gé ankara kankan o, bẹ́ẹ̀díṣíìtì àlòkù ni kó o kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìjókòó. Télọ̀ ni mí, mo kọ́ṣẹ́ ọdún 4 ní Mushin kí n tó ṣe fírídọ̀mù, n kì í lo pátánì, mi ò sì ní lò ó, orí aṣọ ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì yà sí. Ẹ má wá sọ pé gígé láìsí pátánì ló fa wàhálà, ẹni tó kọ́ ọmọ yìí nínú fídíò ni kò kọ́ ọ tán. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í pín àyà sí 4 ọgbọọgba fún obìnrin. 42 yìí, iwájú á gba 10 àbọ̀ àti ínṣì 1 àbọ̀, ẹ̀yìn á gba 10 àbọ̀ àti ìdajì ínṣì, aláwànsì, ìyẹn etí aṣọ tí a máa rán wọnú, lọ́tọ̀. Ó tún máa ń wọn èjìká sí orí ọmú, orí ọmú sí orí ọmú, èjìká sí ìbàdí níwájú, kó tún wọn ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ibi 12, 13 la máa ń wọ̀n lára èèyàn, fídíò wọn wọn ibi 4.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, abẹ́rẹ́ wo lo fi sí i? 14 ló ń rán ankara, 11 fún ṣífọ́ọ̀nù, 16 fún jíǹsì. Kí o sì máa fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìránṣọ kọ̀ọ̀kan kí o tó rán òmíràn kọjá lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á rán gbogbo ẹ̀ tán kí wọ́n tó wá áyọ́ọ̀nù, dáàtì á ti gbẹ síbi tó wù ú. Kí o sì rẹ ankara sómi kí o tó gé e, ó ń sún kì.

Ọmọ Peckham

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ẹ kú iṣẹ́ sà, ṣùgbọ́n ẹ dákun ẹ má bú pátánì 😂 Butterick tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátánì oní-sáìsì fún aráyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1863, télọ̀ bíi tiyín lòun náà o.

Àǹtí Àdùkẹ́, ti pépà yín, ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́ ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sún un kì kó lè wọ inú ewé. Ẹ wo ewé àkọ́kọ́, ẹ máa rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ ínṣì 2 sí, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó dájú pé kò pé 2. Ó lè má dín ju bíi orí ìṣáná lọ, ojú ò tiẹ̀ ní tètè rí i, ṣùgbọ́n àpótí yẹn 22 ló wà nínú àyà 44, orí ìṣáná 22 ló gbé ínṣì 2 àti ààbọ̀ lọ yẹn. Ẹ sọ fún wọn pé 100% ni ẹ fẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan "fit to page". Ewé kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n níwájú wọn kí ẹ tó sanwó ìyókù. Tó bá jẹ́ pé pépà Letter ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, A4 tiwa fi díẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ibẹ̀ náà ló ti máa ń sún kì.

Nǹkan méjì tó kù: ẹ wò ó bóyá aṣọ tó ń nà ni wọ́n yà á fún, ankara kì í nà, á há mọ́ yín lára kẹ́ẹ́ ni. Ẹ sì wo aláwànsì, ti pátánì Amẹ́ríkà ńláńlá wọ̀nyẹn máa ń jẹ́ ⅝ ínṣì, ó ti wà nínú ẹ̀, ẹ má tún fi òmíràn kún un. Èmi fi kún un nígbà kan, màmá mi ní ta ló kú tí mo jogún aṣọ ẹ̀.

Àdùkẹ́ Abẹ́rẹ́

Mo ti dé o! Àpótí yẹn kò pé 2 lóòótọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ní "àǹtí, ó ṣáà jọra." Mo ní kí ó tún un tẹ̀. Mo mú sáìsì 40, mo ya pépà bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ìgbà àkọ́kọ́ mo gé ibi tó yẹ kó máa mì bí ìlẹ̀kùn já, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo fi bẹ́ẹ̀díṣíìtì olódòdó kan rán an, ọkọ mi ní ṣé aṣọ òde nìyí. Ẹ gbọ́, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, aṣọ ò mì! Iwájú àti ẹ̀yìn gún régé nísàlẹ̀. Èjìká ọ̀tún nìkan ló ń já bọ́ díẹ̀, mo rò pé èjìká mi ọ̀tún ló relẹ̀ ju òsì lọ, báàgì tí mò ń gbé ni.

Mo ti tẹ́ ankara tuntun sílẹ̀ báyìí, mo ti fi píìnì gún pépà mọ́ ọn, sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Èjìká ọ̀tún yẹn, fi ìlọ́po méjì kánfáàsì tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ẹ̀, á dọ́gba. O káre láé.

Ọ̀gá Sísọ́ọ̀sì

O ti rẹ ankara yẹn?

Àdùkẹ́ Abẹ́rẹ́

Yéè.

Mò ń tú píìnì sà.