Wáyà tó já nínú awọ rẹ̀: bí mo ṣe rí ìdí iná ABS mi

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó kọjá ló là mí lójú. Mo ti kọjá Gwarinpa, mò ń lọ sílé ní Kubwa, ni ọkọ̀ iwájú mi bá dúró lójijì. Mo tẹ bùréèkì, táyà há gádígádí, Corolla mi ń yọ̀ lọ bí ẹni gun ọṣẹ. Mo yí sítíárìn títí, kò dá mi lóhùn. Ọlọ́run ló yọ mí.

Iná ABS ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù fún bí oṣù mẹ́ta kó tó dọjọ́ náà. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi ni pé "bùréèkì ẹ ṣáà ń mú." Ó ń mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ABS ni kó máa tú bùréèkì kó sì tún máa mú un, wàrà wàrà, kí táyà má baà há, kí sítíárìn lè máa gbọ́ràn. Bí iná yẹn bá ti tàn tí kò kú, bùréèkì lásán ló kù yín kù.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, wọ́n ní ẹ̀rọ ABS ló kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Owó tí wọ́n pè ju owó oṣù mi lọ. Níbi kejì, ọ̀gá rewáyà ní òun máa yọ gílóòbù iná náà, ọ̀rọ̀ parí. Ó dùn mí wọra. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: iná ABS gbọ́dọ̀ tàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ bi wọ́n léèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní màá wò ó fúnra mi. Ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tí mo fi ń ka kóòdù ẹ́ńjìnnì kò rí nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọ kọ̀ǹpútà ABS. Ṣùgbọ́n Toyota àtijọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú 16 tó wà lábẹ́ sítíárìn, mo fi wáyà kúkúrú so ojú 4 mọ́ ojú 13, mo ṣí kọ́kọ́rọ́, n kò tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ kà á dáadáa o, iná bátìrì wà lójú 16. Iná ABS bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀kan. Kóòdù 31 nìyẹn: sẹ́ńsọ̀ táyà ọ̀tún iwájú, èyí tó ń sọ fún ABS bí táyà náà ṣe ń yára yí.

Ara mi bù máṣọ. Oṣù tí iná yẹn bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún.

Mo gbé ọkọ̀ sókè, mo ti irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, mo yọ táyà. Gbogbo ibẹ̀ pọ́n fún erùpẹ̀ Kubwa. Mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà sẹ́ńsọ̀, mo gbé mítà sí ohm, ibi tó ń wọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná. Kò ka nǹkan kan, bíi wáyà tó já. Mo lọ wọ̀n ti òsì tó dára kí n lè fi wé e: ó lé díẹ̀ ní 1,500. Mo padà sí ọ̀tún, mo fi mítà sílẹ̀ lórí rẹ̀, mo wá ń fi ìka méjì tẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀, láti ìdí sẹ́ńsọ̀ lọ sókè. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni mo dé tí mítà fò dé 1,480, ó tún pòórá. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dé. Mo jù ú sílẹ̀, ó lọ. Awọ rẹ̀ kò bó, kò ní àpá kankan, àmọ́ ojú ibẹ̀ rọ̀ bí òwú, nígbà tí ibi yòókù le. Bàbà inú rẹ̀ ti já. Mẹkáníìkì tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì kò so wáyà padà sí ibi ìdè rẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti yí sítíárìn ló ń ká tó ń nà.

Mo gé ibẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, mo bò ó dáadáa kí omi má wọ̀ ọ́, mo dè é mọ́ ṣọ́ọ̀kì padà. Mo gbé mítà sí ibi tó ń wọ̀n iná AC, mo fọwọ́ yí ojú táyà: iná díẹ̀ ń jáde, bí mo ṣe ń yára yí i ló ń pọ̀ sí i. Mo pa kóòdù àtijọ́ rẹ́, mo wa ọkọ̀ jáde. Iná kú, kò sì tàn mọ́ títí di òní.

Irú sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ni ẹ lè fi ohm wọ̀n báyìí o. Ti àwọn ọkọ̀ tuntun ń gba iná kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má fi ohm dán an wò. Irú ẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n mi ní Kaduna. Wọ́n pààrọ̀ bíárìn táyà fún un, iná ABS tàn lọ́jọ́ náà gan-an, sẹ́ńsọ̀ méjì ni wọ́n sì tà fún un lásán. Ẹ̀gbẹ́ kan bíárìn yẹn ní mágínẹ́ẹ̀tì tí sẹ́ńsọ̀ ń kà, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n kọjú rẹ̀ síta. Ní báyìí, kí wọ́n tó tẹ bíárìn wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tó bá fa abẹ́rẹ́ ló ń kọjú sí sẹ́ńsọ̀.