Àdó ni, kì í ṣe èèpo: lórí orúkọ irinṣẹ́ tí a fi ń rẹ́ ẹnu kátíríìjì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe irinṣẹ́ tí àwọn tó ń tún kátíríìjì kì fi ń gé ẹnu èyí tí wọ́n ti yìn, kí gígùn rẹ̀ má baà kọjá bó ṣe yẹ. Kátíríìjì ìbọn ni mò ń wí, ìyẹn ẹ̀tù, ọta àti idẹ kékeré tó gbé wọn dání. Ẹnìkan mú “ẹ̀rọ ìgé-ọta” wá. Ẹnìkejì ní “ìrẹ́èèpo”. Ẹ̀kẹta ní kí a máa pè é ní “tírímà” kí ọ̀rọ̀ tán. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Gáréèjì ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ni mo ti kọ́kọ́ rí irinṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń dọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas, ìbọn .308 Winchester (orúkọ irú kátíríìjì tó ń gbà nìyẹn) ló sì ń lò. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí èèyàn máa tún kátíríìjì kì fún ìlò ara rẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò gba irú rẹ̀ láyè, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè lọ bá àwọn ọdẹ wa nílé pé kí wọ́n fún wa ní orúkọ. Iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, jókòó tì wá. Yorùbá ni bàbá rẹ̀ ń bá a sọ nínú ilé, ó sì ń gbọ́ ọ dáadáa. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn idẹ tó wà lórí tábìlì, ó ní, “Dàdí, kí la ń pe èyí?” Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi tí mo ń fi Yorùbá jẹun, n kò rí nǹkan kan sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára títí mo fi padà délé.

Kí a tó sọ orúkọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe ohun tó gbé ẹ̀tù àti ọta dání nínú kátíríìjì bẹ́ẹ̀: bàbà 70 nínú 100, síńkì 30. Bí ìbọn bá dún, idẹ náà á wú, á sì lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tó sùn sí nínú ìbọn. Ẹni tó bá fẹ́ tún un lò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fún un ni idẹ ti ń sún lọ síwájú, sí ọ̀nà ọrùn, díẹ̀díẹ̀, títí á fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Fún .308, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 2.015 lọ, ìyẹn mìlímítà 51.18, bí wọ́n bá sì gé e, íǹṣì 2.005 ni wọ́n ń gé e dé. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lọ, bí bébà méjì sí mẹ́ta tí a gbé léra wọn. Síbẹ̀, bó bá kọjá ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ á lọ há sí ibi tí ihò ìbọn ti fún, á di ọta mú, ọta kò ní lè tètè jáde, agbára iná inú rẹ̀ á sì ga ju ohun tí ìbọn lè gbà lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń gé e nìyẹn.

Ẹ wá wo “ìgé-ọta”. Ọta ni ohun tó fò lọ bá ẹran. Ẹni tó bá ní “ọta bà á”, kò sí ẹni tó máa rò pé idẹ ló bà á. Irinṣẹ́ tí a ń sọ yìí kì í fọwọ́ kan ọta rárá. Ó ti pẹ́ tí ọta ti lọ kí wọ́n tó lò ó. Mo mọ ohun tó fa àṣìṣe náà. Nínú ṣakabùlà, kò sí ohun tó ń jẹ́ kátíríìjì. Ẹ̀tù ni ọdẹ ń dà sí ẹnu ìbọn, yóò fi ọ̀pá kì í, yóò sì ju ọta lé e. Ìbọn fúnra rẹ̀ ni ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ẹ̀tù, tí a ní ọta, tí a ní kì, ṣùgbọ́n tí a kò ní orúkọ fún ohun tó ń gbé wọn dání: nígbà náà, kò sí níbẹ̀. Kátíríìjì tí a yá wá lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tẹ̀tùtẹ̀tù, tọtatọta. Àlàfo kan ṣoṣo ló kù, òun sì ni ọmọ yẹn fi ọwọ́ mú.

Ọ̀rẹ́ wa tó mú èèpo wá ti rí àlàfo yìí, mo kí i fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n èèpo ni ohun tí à ń bó sọnù. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀pà, èèpo igi: ta ló tún kó nǹkan padà sínú rẹ̀ rí? Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi látòkèdélẹ̀ sì dá lórí pé kò ní ju tirẹ̀ nù. Èkejì, bí a bá so ó pọ̀ bí ẹnu wa ṣe máa ń so ó, “ìrẹ́po” ni yóò dà, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó bá rí “irepo” lójú ìwé, ìrẹ́pọ̀ tọkọtaya tàbí ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀ ní Ọ̀yọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ìkarahun tí ẹlòmíràn ní kí a lò sàn díẹ̀, nítorí pé ó le, ó sì ń kù lẹ́yìn igbín. Ṣùgbọ́n ìkarahun kò ní ọrùn. “Idẹ” náà kò ní tó, bí àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń pe tiwọn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ irin, àwọn kan sì jẹ́ alumíníọ̀mù.

Àdó ni mo mú wá, kèrègbè kékeré tí a ń kó oògùn sí.

Bàbá mi ní ẹ̀wù ọdẹ kan tó ń so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àdó kéékèèké sì wà lára rẹ̀ yí ká. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń fọwọ́ pa wọ́n lára nígbà tí wọn kò bá sí nílé. Ìdí rẹ̀ rí roboto, ikùn rẹ̀ kún, ó ní èjìká níbi tó ti ń fún lọ sókè, ó ní ọrùn, ó sì ní ẹnu. Ẹ mú àdó kan kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ idẹ .308 tó ti yìn. Ìdí, ikùn, èjìká, ọrùn, ẹnu: kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù. Ohun tó sì wà nínú àdó bàbá mi, ẹ̀tù ló ń jẹ́, oògùn tí wọ́n jó tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ohun tó wà nínú idẹ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀tù náà ni. Bí ó bá tán, a ó tún rọ òmíràn sí i. Kí la tún ń wá?

Ohun tó sì dá mi lójú jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹnu rẹ̀. Bí àdó bá gbẹ, wọ́n á fi ọ̀bẹ mú ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà á máa rí ṣákiṣàki, wọ́n á wá fi ewé ìpín ha á títí yóò fi dán. Mo rí ohun kan náà nínú gáréèjì yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹnu idẹ, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi àtàǹpàkò kàn án. Ó ń ha mí lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Ó mú irin kékeré kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹnu náà, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì ní òde rẹ̀, eruku idẹ bí iyẹ̀pẹ̀ wúrà dà sí orí tábìlì, ẹnu náà sì dán.

Àwọn kan yóò ní àdó olóró ti gba orúkọ náà, pé bọ́ǹbù ni ará ìlú yóò gbọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. Olóró ló sọ ọ́ di bọ́ǹbù. Ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfuurufú ń jẹ́ ọkọ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ lọ dúró de bàlúù létí òkun. “Àdó ọta” ni kí a máa pè é lódindi. Láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, “àdó” lásán yóò tó.

Àǹfààní mìíràn tún wà tó jẹ mọ́ títú ìwé ìlò. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní orí nínú nǹkan yìí, ìdí la ń pè é. Ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti ń tanná ràn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, “à ń wọ̀n ọ́n láti orí.” Mo ní kó fi orí náà hàn mí, ó yí idẹ náà sókè sódò, ó sì ń wojú mi. Bí a bá tú u báyìí fún ẹlòmíràn, ẹnu ni yóò fi síbi tó yẹ kó fi ìdí sí. Ṣùgbọ́n bó bá ti mọ̀ pé àdó ló mú lọ́wọ́, kò ní béèrè ibi tí ìdí wà.

Ó wá ku gígé. “Gé” kò burú, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Igi là ń gé, ẹran là ń gé. “Bẹ́” yóò bẹ́ àdó lọ́rùn ni. “Rẹ́” ni ọ̀rọ̀ náà, èyí tí à ń fi rẹ́ èékánná: ó ń mú díẹ̀ kúrò létí ohun tí a fẹ́ kó wà. Bí a sì ṣe ní ìgbálẹ̀ àti ìfági, bẹ́ẹ̀ náà la ó ní “ìrẹ́nu àdó”. Ẹ má fi “ẹ̀rọ” ṣáájú rẹ̀ àfi bó bá ń lo iná. Ọ̀kan nínú àwọn tó rọ̀ jù lọ́jà, tí ilé iṣẹ́ Lee ń tà, kò ju abẹ kékeré kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ohun tó ń di ìdí àdó mú lọ. Ìka la fi ń yí i. Ẹ̀rọ kọ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ irú méjì tó wà, mo sì rò pé Yorùbá lè sọ ìyàtọ̀ wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Irú kìíní ń fi ìdí àdó ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n: ó dì í mú níbẹ̀, abẹ sì dúró síbi tí a ní kó dúró sí. Mo pè é ní afìdíwọ̀n. Ti Lee wà nínú rẹ̀; ti Forster, tó rí bí ẹ̀rọ àwọn agbẹ́gilére kékeré tí a fi ọwọ́ yí, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Irú kejì ń fi èjìká ṣe ìbẹ̀rẹ̀: a ó ti àdó bọ inú ihò kan, èjìká rẹ̀ á kọ́ níbẹ̀, abẹ á sì rẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìyẹn ni afèjìkáwọ̀n. Ti Giraud, tó ń lo iná, tó sì ń rẹ́ ẹnu, tó ń ha inú àti òde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí ni.

Afèjìkáwọ̀n yá ju èkejì lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún àdó .223 nílẹ̀ kò ní fẹ́ jókòó máa fi ọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ra irú èyí, ó so ó mọ́ dìríìlì, ó ti ogójì àdó bọ̀ ọ́. Nígbà tó fi kálípà wọ̀n wọ́n, kò sí méjì tó bára mu. Ó bínú sí irinṣẹ́ náà gan-an. Irinṣẹ́ kò ṣẹ̀: kò tíì fún àdó náà padà sí ìwọ̀n kó tó rẹ́ wọn, èjìká ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti sún síbi tó wù ú nígbà tí ìbọn dún. Ibi tí èjìká bá wà ni irú èyí máa ń gbà gbọ́. Fún ẹni tó jẹ́ pé ogójì àdó ló ń lò lọ́dún, tó ń pa àgbọ̀nrín kan tàbí méjì, afìdíwọ̀n alọ́wọ́yí tó o, ó sì lè fi ọ̀kan náà rẹ́ .308 lónìí, kó rẹ́ .30-06 lọ́la, bó bá ti yí ìwọ̀n gígùn rẹ̀ padà. Èyí ló padà rà. Ti àwọn ìbọn ìléwọ́ bíi 9mm, tí àdó wọn kò ní èjìká, kì í sábà gùn débi tí a ó rẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn náwó.

Mo ti fi àwọn orúkọ wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó ya àwòrán àdó kan sínú ìwé rẹ̀, ó kọ ẹnu, ọrùn, èjìká, ikùn àti ìdí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, ó sì lẹ bébà mọ́ ike méjì: “àdó tí a ti rẹ́” àti “àdó tí a kò tíì rẹ́”. Ó wá béèrè orúkọ ohun róbótó kékeré tó wà láàárín ìdí àdó, tí ìbọn ń gbá kí ẹ̀tù tó gbiná. Mo dá a lábàá “ìṣáná ìdí”, nítorí pé iṣẹ́ tí ìṣáná ń ṣe náà ló ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń jó. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gbọ́ orúkọ tí àwọn ọdẹ ń pe irú rẹ̀ lára ìbọn ìbílẹ̀ tàbí lára kátíríìjì òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, kí n lè fi ránṣẹ́ sí i kó tó fi kálámù kọ ọ́.