Oògùn tí wọ́n kọ fún ìyá mi, ẹ́ńsáìmù wo ló ń dí lọ́wọ́?

Ọmọ Aláró:
Ẹ kú ilé o. Òkè-Fìà níbí l'Ọ́ṣogbo la wà. Ìyá mi, aláró ni wọ́n látilẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n jókòó ti ìkòkò aró wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní ta ló kun òun lọ́wọ́ báyìí. Dókítà ní Alzheimer's ni, àìsàn ìgbàgbé tó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó kọ donepezil 5mg, ó ní kí wọ́n máa lò ó lálaalẹ́, pé ó ń dí ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́ nínú ọpọlọ. Èmi ò mọ̀ ju ẹ́ńsáìmù tó ń da oúnjẹ lọ. Ṣé ó máa wò wọ́n sàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n, àǹtí mi ti sọ ìyẹn tó.

Kẹ́mísìtì Ìgbóǹnà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Acetylcholinesterase lorúkọ ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń fi kẹ́míkà kan, acetylcholine, ránṣẹ́ sí ara wọn, tó bá ti jíṣẹ́ tán, ẹ́ńsáìmù yẹn á gé e kíá. Àmọ́ nínú àìsàn yìí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe kẹ́míkà náà ló ń kú, ìwọ̀nba tó kù náà lẹ́ńsáìmù ṣì ń gé. Donepezil á dì í lọ́wọ́ mú kí ìwọ̀nba yẹn pẹ́ díẹ̀. Kì í wò ó sàn o, sẹ́ẹ̀lì ṣì ń kú lọ. Ó lè fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, tó bá ń kọ́ wọn lóòyì tàbí wọ́n dákú ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Bàbá Ìbejì:
Kẹ́mísìtì, kí ló dé tí wọn ò dojú kọ ẹ́ńsáìmù tó ń fa amyloid gan-an, ìdọ̀tí tó máa ń kó jọ sínú ọpọlọ nínú àìsàn yìí?

Kẹ́mísìtì Ìgbóǹnà:
Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi. BACE1 nìyẹn. Oògùn kan tó ń dí i lọ́wọ́, verubecestat, dín amyloid kù lóòótọ́, síbẹ̀ kò ran ọpọlọ lọ́wọ́, àwọn kan tiẹ̀ tún burú sí i, nígbà tó fi máa di 2018 wọ́n ti dá ìdánwò ẹ̀ dúró. Ẹ wá gbọ́, ara ẹ̀wà èsèré Calabar, èyí tí wọ́n fi ń dán àjẹ́ wò láyé àtijọ́, ni wọ́n ti yọ physostigmine, irú donepezil yìí tó ṣáájú. Májèlé ni ẹ̀wà náà o, kẹ́nikẹ́ni má sè é!

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ọmọ Aláró, kí ni Mama tún ń lò? Ẹ wo Piriton dáadáa, táwọn èèyàn fi ń sùn. Ibi tó yẹ kí acetylcholine ti jíṣẹ́ ló ń dí pa. Ohun tí donepezil bá so, Piriton á tú u.

Ọmọ Aláró:
Háà! Lálaalẹ́ ni o, méjì méjì, àǹtí mi ló ń rà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ káàdì ẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn ni, mò ń gbé e lọ bá dókítà láàárọ̀ ọ̀la.