Ta ló yí ètò ráútà padà? Orúkọ kò hàn nínú ìròyìn àyẹ̀wò wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń bójú tó àwọn ráútà (ẹ̀rọ tí ń darí ìsọfúnni láàárín nẹ́tíwọ̀kì) ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ètò wọn padà, ìròyìn àyẹ̀wò wa máa ń fi ọjọ́, wákàtí àti ìlà tí ó yí padà hàn, ṣùgbọ́n àyè orúkọ ẹni tí ó ṣe é máa ń ṣófo. Ó ká mi lára, nítorí pé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè torí rẹ̀ jẹ̀bi.

Mo mọ̀ pé ráútà Cisco máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ SYS-5-CONFIG_I, tí ń sọ pé ẹnì kan yí ètò padà, ránṣẹ́ nípasẹ̀ syslog (ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà fi àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ránṣẹ́), àti pé bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà àjùmọ̀lò ni ènìyàn fi wọlé, "vty0" (orúkọ ojú ọ̀nà tí ó gbà wọlé láti òkèèrè) ni yóò kọ dípò orúkọ. A ti fún oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀, a sì ti fi "login local" (àṣẹ tí ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà oníkálukú) sí i, síbẹ̀ àyè náà ṣófo. Mo wá ń fura pé àfiwé àdàkọ ètò tí à ń ṣe lálaalẹ́ ni ẹ̀rọ tí ń ṣe ìròyìn wa fi ń mọ ìyípadà, èyí tí kì í sábà fi ẹni tí ó ṣe ìyípadà kọ̀ọ̀kan hàn. Ó sì lè jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ syslog kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú bóyá ògiri ààbò (firewall) ló ń dí UDP 514, ojú ọ̀nà tí syslog ń gbà, lọ́nà? Ṣé "archive log config" (àṣẹ tí ń kọ ìyípadà ètò sílẹ̀ lórí ráútà) pẹ̀lú "notify syslog" (tí ń fi í ránṣẹ́ sí syslog) yóò tó, àbí TACACS+ (ètò tí ń yẹ ẹni tí ń wọlé wò láti ojú kan, tí ó sì lè kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀) ni kí a gbé kalẹ̀?