Ìṣàn proton mi ń wú kó tó dé RFQ, ẹ gbà mí

Ọmọ Sàmárù:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ másítáàsì mi ni mo ń ṣe ní Zaria, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Proton ni, ìyẹn àwọn horo kéékèèké tó ní cháàjì tí wọ́n ń sáré nínú páìpù, 50 kV, 30 mA. Solenoid méjì (wáyà tí a ká, tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì kó ìṣàn jọ) ló sì wà lọ́nà kó tó wọ RFQ, ẹ̀rọ tó ń mú kí proton sáré sí i. Òru ni mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, torí iná kì í dúró lọ́sàn-án níbí. Láàárọ̀ àná tí mo ṣí àwòrán rẹ̀, ìlà pupa tó ń fi etí ìṣàn hàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní mílímítà 5 sí àárín, ti di ìlọ́po méjì kó tó rin sẹ̀ǹtímítà 20. Kó tó dé solenoid kejì, ara páìpù ló ń lù. Mi ò fi gáàsì kankan sínú páìpù náà, torí mo gbà pé bí fákúùmù bá ṣe mọ́ tó ni ìṣàn á ṣe tọ́ tó. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ẹ̀gbọ́n Kubwa:
Àbúrò, ìṣirò rẹ tọ̀nà. Mo fi bírò ṣe é sórí ìwé, sẹ̀ǹtímítà 18 ni èmi náà rí. Cháàjì kan náà ni gbogbo proton ní, wọ́n ń ti ara wọn síta. Àmọ́ gáàsì tí o yọ kúrò yẹn gan-an ló ń gbà wọ́n.

Nínú páìpù gidi, gáàsì ń tẹ̀ lé ìṣàn jáde láti inú orísun ion, ìyẹn ẹ̀rọ tí proton ti ń jáde. Proton á kọlu hydrogen, á gbá ẹ̀lẹ́kítíróònù kan jáde lára rẹ̀. Ion tó ṣẹ́kù kò yára, ìṣàn á tì í lọ sí ara páìpù. Ẹ̀lẹ́kítíróònù ní tirẹ̀, tí cháàjì rẹ̀ jẹ́ òdì, kò lè lọ. Nínú ìṣàn tìrẹ, àárín fi nǹkan bíi fóltì 87 ga ju etí lọ, kòtò ni ibẹ̀ jẹ́ fún un. Wọ́n á máa kóra jọ síbẹ̀ títí wọ́n á fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú cháàjì náà. Bí wọ́n bá pa ìdá 90 nínú 100, sẹ̀ǹtímítà 57 ni ìṣàn rẹ á rìn kó tó di ìlọ́po méjì.

Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, mo so pọ́ọ̀mpù kejì mọ́ páìpù wa, inú mi dùn pé fákúùmù ti dára sí i. Nọ́ńbà ara Faraday cup, ife irin tó ń wọn bí ìṣàn tó dé ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wá ń já wálẹ̀. Ọ̀gá mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ìka méjì yí fáàfù gáàsì argon díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà náà sì ń gòkè bó ṣe ń yí i. Ó yí i kọjá ibì kan, ó tún já. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, proton á gba ẹ̀lẹ́kítíróònù mọ́ra, á di atọ́ọ̀mù lásán, solenoid ò sì lè darí ìyẹn mọ́.

Ìyá Táíwò, Barnawa:
Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fi 90 yẹn sí gbogbo ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í. Lẹ́nu orísun, 50 kV yẹn ń fa ẹ̀lẹ́kítíróònù padà sẹ́yìn. Lẹ́nu RFQ, iná tibẹ̀ náà ń gbá wọn lọ. Lẹ́ńsì oníná ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí solenoid fi dára. Fi òdo sí ìpẹ̀kun méjèèjì.

Bó bá sì jẹ́ ìṣàn tó ń tàn tó ń kú ni, rántí àkókò. Nínú hydrogen tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 10⁻⁵ mbar, ó máa tó nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdù 70 kí kòtò yẹn tó kún. Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣàn kọ̀ọ̀kan á ti kọjá lọ láìrí ìrànlọ́wọ́ kankan.

Ọmọ Sàmárù:
Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Mà. Mo ti tún un ṣe lóru àná. Ó kọjá solenoid kejì! Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan tó kẹ́yìn ló ṣì ń wú. Mo fẹ́ fi repeller síbẹ̀, irin oníhò tó ní fóltì òdì, kó máa lé ẹ̀lẹ́kítíróònù padà. Ṣé −1 kV á tó?

Ẹ̀gbọ́n Kubwa:
Àárín ihò rẹ̀ ni kí o wò, má wo ara irin. Bí ihò náà bá fẹ̀, −1 kV ara irin lè má ju ìdajì lọ láàárín, ìṣàn fúnra rẹ̀ á sì tún gbé e sókè. Ó gbọ́dọ̀ ṣì wà lábẹ́ òdo dáadáa níbẹ̀. Ihò rẹ fẹ̀ tó mílímítà mélòó?