Ṣé inú gáàsì ni wọ́n ti ń rí rímúfà tá a fi ń bó pẹ́ńtì ọkọ̀?

Pẹ́ńtà Ajílósùn:
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ ni mò ń kùn l'Ádó níbí, rímúfà la sì fi ń bó pẹ́ńtì àtijọ́, wọ́n kọ methylene chloride sára kẹ́ẹ̀gì ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wá ní gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe é, mo ní irọ́ ni, gáàsì tó ń jó wòwò wá di nǹkan olómi tí kì í tètè gbaná? Kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún tún máa ń wú tí oòrùn bá mú, tí mo bá ń ṣí i á dún ṣìì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n?

Kẹ́mísìrì Ìkẹ́rẹ́:
Ọmọ yẹn ò parọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ kì í ṣe gáàsì tá a fi ń dáná, methane ni, òun ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń fà látinú ilẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ chlorine, inú omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń fi iná mànàmáná yọ ìyẹn, wọ́n á wá kó méjèèjì sínú ẹ̀rọ tó gbóná tó 400 sí 500 dígírì. Hydrogen 4 ló wà lára methane, chlorine á máa lé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, á jókòó sípò wọn. Tó bá lé 1, methyl chloride, tó bá lé 2, tiyín nìyẹn, 3 chloroform, 4 carbon tetrachloride. Gbogbo ẹ̀ ló máa ń jáde pa pọ̀, wọ́n á wá sè é bí wọ́n ṣe ń sè ògógóró, kí kálukú lè yà sọ́tọ̀, torí tiyín ń hó ní dígírì 40 péré, chloroform 61, ìkẹrin 77. Ẹ ò rí i pé oòrùn ọ̀sán l'Ádó fẹ́rẹ̀ẹ́ sè é nínú kẹ́ẹ̀gì, ohun tó ń mú un wú nìyẹn. Ilé iṣẹ́ míì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí methanol, irú ọtí olóró kan tí kò ṣeé mu, inú gáàsì náà lòun fúnra ẹ̀ sábà máa ń ti wá.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lò ó nínú yàrá o! Tó bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di carbon monoxide, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn sójú oorun gan-an nìyẹn. Èéfín rímúfà ọ̀hún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ló máa fà á símú jù, ìbòmú aláṣọ ò sì lè dá a dúró. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀pọ̀ ìlò ẹ̀ lọ́dún 2024. Kí wẹ́dà náà má ṣiṣẹ́ nítòsí ẹ̀, torí iná wẹ́dà lè sọ ọ́ di gáàsì olóró míì.

Pẹ́ńtà Ajílósùn:
Háà. Inú kọ̀ǹténà la ti ń lò ó tójò bá ń rọ̀, ọmọ yẹn ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ fá a. Ó ti sọ fún mi tó ìgbà mẹ́ta pé orí ń fọ́ òun, mo ní kó lọ jẹun. Mo ti pè é báyìí, mo bẹ̀ ẹ́, a máa gbé gbogbo ẹ̀ jáde síta láàárọ̀ ọ̀la.